Ẹ́ńjìnnì Ńlá Nínú Ọkọ̀ Ìdílé: Bí Amẹ́ríkà Ṣe Ra Eré Ṣáájú Ààbò

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, ohun tó sábà máa ń wá sọ́kàn àwọn èèyàn ni bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn, ẹ́ńjìnnì tó ń bú bíi kìnnìún, àti táyà tó ń rú èéfín. Sinimá ló gbin àwòrán yìí sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn. Ohun tí sinimá kì í sábà sọ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọkọ̀ eré-ìje láti ìpilẹ̀. Ọkọ̀ ìdílé ni wọ́n, ọkọ̀ tí baba fi ń lọ síbi iṣẹ́, tí ìyá fi ń lọ sọ́jà, tí àwọn ọmọ sì ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn iléeṣẹ́ kàn gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ tó kéré jù ú lọ ni, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Nínú ìyókù yẹn ni bíréèkì wà.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1942, ìjọba Amẹ́ríkà dá ṣíṣe ọkọ̀ fún ará ìlú dúró. Àwọn iléeṣẹ́ Detroit bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ogun, ẹ́ńjìnnì bàálù àti ohun ìjà. Fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ kò rí òmíràn rà, títún un ṣe ló kù fún un. Nígbà tí ogun parí ní 1945, owó ti wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ọmọ ogun ń darí bọ̀ wálé, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń kó lọ sí àwọn àdúgbò tuntun lẹ́yìn ìlú, níbi tí bọ́ọ̀sì kò ti pọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rí rà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti 1942. Síbẹ̀ wọ́n tò láti rà á.

Ní ọdún 1949, Oldsmobile, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka iléeṣẹ́ General Motors, ṣe ohun kan tó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì V8 tuntun kan, tí fáàfù rẹ̀ wà lórí sílíńdà, fún ọkọ̀ wọn tó tóbi jù, èyí tí wọ́n ń pè ní 98. Ìwọ̀n inú ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ ínṣì kíúbíkì 303, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 135. Wọ́n wá gbé ẹ́ńjìnnì yìí kan náà sínú ara ọkọ̀ mìíràn tó kéré, tó sì fúyẹ́ ju 98 lọ. Rocket 88 ni àwọn èèyàn ń pè é. Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ NASCAR dá ìdíje sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ tí kò yàtọ̀ sí èyí tí ará ìlú lè rà ní ṣọ́ọ̀bù. Red Byron ló gba ife-ẹ̀yẹ ọdún àkọ́kọ́ náà, Oldsmobile ló sì wà. Nígbà tó fi máa di 1951, Jackie Brenston àti ẹgbẹ́ Ike Turner ti fi orúkọ ọkọ̀ náà gan-an pe orin kan tó gbajúmọ̀ káàkiri. Ó hàn gbangba pé ohun tuntun kan ti dé ọjà. Ìjókòó ẹlẹ́ni mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n kì í rìn bí ọkọ̀ ìdílé.

Oldsmobile kì í ṣe ọkọ̀ mẹ̀kúnnù. Ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn lè rà ni Chevrolet, kò sì sí ẹni tó ń dárúkọ Chevrolet nígbà náà tó ń ronú nípa eré. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ni ó ní. Ó lágbára tó láti gbé ìdílé lọ gbé ìdílé bọ̀, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ àmójútó Ed Cole, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà Chevrolet, wọ́n ṣe V8 kékeré kan tó jáde pẹ̀lú ọkọ̀ ọdún 1955. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ínṣì kíúbíkì 265, agbára rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹṣin 162. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ yìí fúyẹ́ ju onísílíńdà mẹ́fà tó ti wà ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń rọ irin rẹ̀ kó tín-ínrín láìfọ́. Ó rọrùn láti ṣe, ó rọrùn láti tún ṣe, ó sì rọrùn láti fi agbára kún. Chevrolet tà ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ọkọ̀ lọ lọ́dún náà. Bí a bá ní kí a dárúkọ ohun kan ṣoṣo tó sọ eré di ohun tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà, ẹ́ńjìnnì yìí ni. Irú rẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe, wà nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà títí di ìgbà tí àwọn ọmọ ọmọ tó kọ́kọ́ gùn ún ti dàgbà.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ Ford gba ọ̀nà mìíràn. Lábẹ́ Robert McNamara, ẹni tó padà di mínísítà ètò ààbò orílẹ̀-èdè, Ford fi ààbò polówó ọkọ̀ rẹ̀ ti 1956. Ìtọ́kọ̀ tí àárín rẹ̀ wọnú, kó má baà gún awakọ̀ láyà, wà nínú rẹ̀. Títì ilẹ̀kùn rẹ̀ lágbára sí i. Ẹni tó bá fẹ́ sì lè fi owó kún un kí wọ́n bá a fi bẹ́líìtì ìjókòó àti tìmùtìmù sí iwájú ọkọ̀. Chevrolet tà ju Ford lọ lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ kan sì gba gbogbo Detroit kan, pé ààbò kì í tà. Fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, gbogbo ọ̀gá tí kò bá fẹ́ ná owó lórí ààbò ń rí ìtàn Ford 1956 tọ́ka sí. Àbùkù wà lára ẹ̀rí náà, nítorí Chevrolet ti tà ju Ford lọ ní 1955, kí ẹnikẹ́ni tó polówó bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n ìtàn tó bá bá ìfẹ́ ọ̀gá mu kì í nílò ẹ̀rí púpọ̀.

Kí a tó máa bá eré lọ, ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi ohun tí ọkọ̀ ìdílé jẹ́ fún àwọn kan tí ìpolówó ọjà kì í ṣàfihàn wọn. Nínú ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n, ìdílé aláwọ̀ funfun ló máa ń wà nínú ọkọ̀ tuntun. Fún àwọn aláwọ̀ dúdú Gúúsù Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ju ohun afẹ́ lọ. Òfin ìyàsọ́tọ̀ ló ń pinnu ibi tí wọ́n máa jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì. Nínú ọkọ̀ tí èèyàn bá fi owó ara rẹ̀ rà, kò sẹ́ni tó lè ní kó bọ́ sẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1955, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n mú Rosa Parks, ọkọ̀ ìdílé ló gbé ìjàkadì náà ró. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọkọ̀ ni àwọn onílé àti oníṣẹ́ fi sílẹ̀ láti máa gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ìjọ ra ọkọ̀ wágọ́ọ̀nù, àwọn èèyàn sì ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì onítáyà. Àwọn aláṣẹ ìlú gbìyànjú láti fi òfin dá àwọn awakọ̀ náà dúró. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò fagi lé ìwé ọkọ̀ wọn, títí tí alágbàtà aláwọ̀ dúdú kan ní Atlanta fi bá wọn gba ìwé láti ọ̀dọ̀ Lloyd's ní London. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi ṣe é kí òfin ìyàsọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó wó.

Ní ọdún 1956 yẹn ni Ààrẹ Eisenhower buwọ́ lu òfin tó fọwọ́ sí òpópónà márosẹ̀ tó gùn tó 41,000 máìlì jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀nà tààrà wà, epo bẹntiróòlù sì wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ síbi tó jìnnà ṣì ní láti gbé ìwé atọ́nà tí Victor Hugo Green bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1936 dání, kí ó lè mọ ilé ìtura, ilé oúnjẹ àti ilé epo tí kò ní lé wọn. Ọ̀pọ̀ a máa di oúnjẹ ọjọ́ méjì sínú búùtù kí wọ́n tó kúrò nílé. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í já èèyàn kulẹ̀ lóru níbi tí a kò mọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀.

Ní Detroit, wọ́n ń bá ìdíje agbára lọ. Àwọn iléeṣẹ́ fẹnu kò ní 1957 pé àwọn kò ní lọ́wọ́ sí eré-ìje mọ́, wọn kò sì pa àdéhùn náà mọ́ dáadáa. Pontiac, ẹ̀ka mìíràn nínú General Motors, fi eré-ìje sọ ara rẹ̀ di ààyò àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1963, àwọn ọ̀gá àgbà General Motors pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀ka jáwọ́ nínú eré-ìje pátápátá. Pontiac wá di ẹni tí wọ́n gba idà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ogun.

Ohun tí wọ́n ṣe ló bí GTO. Tempest ni ọkọ̀ ìdílé oníwọ̀n-àárín Pontiac. V8 tó wà fún un jẹ́ ínṣì kíúbíkì 326. Pontiac sì ní V8 mìíràn, 389, fún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ńláńlá. Bí èèyàn bá wo méjèèjì láti òde, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, inú nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀. Irin tó gbé ọ̀kan dúró lè gbé èkejì dúró láìsí pé a gé ohunkóhun. John DeLorean, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà Pontiac, àti àwọn ẹnjiníà méjì, Bill Collins àti Russ Gee, rí èyí, wọ́n sì dán an wò. Ìdíwọ́ kan ṣoṣo ló wà níwájú wọn: òfin General Motors sọ pé ọkọ̀ oníwọ̀n-àárín kò gbọdọ̀ ní ẹ́ńjìnnì tó ju ínṣì kíúbíkì 330 lọ. Wọ́n gba ẹ̀yìn òfin náà kọjá. Wọn kò pe GTO ní ọkọ̀ rárá. Tempest LeMans ni orúkọ ọkọ̀. GTO jẹ́ àfikún tí oníbàárà lè fi nǹkan bí dọ́là 300 ra mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń ra rédíò mọ́ ọkọ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka náà, Pete Estes, gbà kí wọ́n tà á. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni wọ́n rò pé ó máa tà. Ní ọdún àkọ́kọ́, 1964, ó tà ju 32,000 lọ. Òfin 330 kò sì lágbára mọ́, nítorí kò sí ẹ̀ka General Motors mìíràn tó fẹ́ jókòó máa wo Pontiac.

Orúkọ GTO fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ferrari ni wọ́n ti mú un. Ní èdè Italy, ó túmọ̀ sí ọkọ̀ tí àwọn aláṣẹ eré-ìje ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí ti Pontiac. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ Ìtálì bínú, Pontiac sì jèrè nínú ìbínú wọn.

Agbára ẹ́ńjìnnì GTO bẹ̀rẹ̀ láti ẹṣin 325, ẹni tó bá sì fowó kún un lè gba 348. Bíréèkì rẹ̀ ńkọ́? Ti Tempest ni. Bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù ni lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbú dúrọ́ọ̀mù náà kò sì ju ínṣì mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ lọ. Mẹkáníìkì èyíkéyìí mọ bí irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lórí eré, ó dúró. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta láìjẹ́ kó tutù, dúrọ́ọ̀mù á gbóná, yóò fẹ̀ kúrò lára bàtà bíréèkì, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì máa rì láìsí pé ọkọ̀ ń dúró. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí ń gbé ọmọ lọ síléèwé ni wọ́n ní kó dá ọkọ̀ tó ń sáré ju máìlì 100 lọ ní wákàtí dúró. Ọdún 1967 ni Pontiac tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíréèkì onídíìsìkì fún GTO, ẹni tó bá fẹ́ ẹ sì ní láti fi owó kún owó. Àwọn èèyàn kan ṣì ń sọ pé báyìí ni ayé rí nígbà náà, pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n mọ̀. Jaguar ti fi díìsìkì gba eré-ìje Le Mans ní 1953. Owó ni kò jẹ́ kó dé ọkọ̀ Tempest.

Ford náà kò sùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1964, ó fi Mustang han gbogbo ayé níbi ìpàtẹ àgbáyé ní New York, lábẹ́ Lee Iacocca. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ohun inú rẹ̀, láti ara Falcon ni wọ́n ti wá, Falcon sì ni ọkọ̀ ìdílé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tí kò lárinrin jù nínú gbogbo ọkọ̀ Ford. Dọ́là 2,368 ni owó rẹ̀. Kí ọdún méjì tó pé, ó ti tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á ni wọn kò tilẹ̀ ra V8. Ìrísí eré nìkan tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn yẹn jẹ́ ọlọ́gbọ́n jù nínú gbogbo oníbàárà ìgbà náà.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ di ìdíje. Plymouth gbé Road Runner jáde ní 1968 fún ọ̀dọ́ tí kò lówó púpọ̀: wọ́n yọ gbogbo ohun ẹ̀ṣọ́ kúrò, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, wọ́n sì san dọ́là 50,000 fún iléeṣẹ́ Warner Bros. kí wọ́n lè lo orúkọ àti àwòrán ẹyẹ inú sinimá àwọn ọmọdé. Ní 1970, Chevrolet fi ẹ́ńjìnnì ínṣì kíúbíkì 454 sínú Chevelle, ọkọ̀ oníwọ̀n-àárín; ẹṣin 450 ni wọ́n kọ sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta V8 àkọ́kọ́ ọdún 1955.

Ní gbogbo àsìkò yìí ni àwọn èèyàn ń kú. Lọ́dún 1966, iye àwọn tó kú lójú pópó Amẹ́ríkà lé ní 50,000. Àlàyé Detroit ni pé awakọ̀ burúkú ló ń fa ìjàǹbá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1965, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan, Ralph Nader, tẹ ìwé kan jáde tó sọ pé ọkọ̀ gan-an ni. Orí àkọ́kọ́ ìwé náà dá lórí Corvair, ọkọ̀ ìdílé Chevrolet tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó tọ́ kí a sọ pé nígbà tí ìjọba ṣe àyẹ̀wò Corvair, àbájáde ọdún 1972 kò rí i bí èyí tó burú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò mọ sórí Corvair. Ó ka ìtọ́kọ̀ tó ń gún àyà, iwájú ọkọ̀ onírin líle, àti ilẹ̀kùn tó ń ṣí nígbà ìjàǹbá. Ìtọ́kọ̀ àti ilẹ̀kùn wà lára ohun tí Ford ti gbìyànjú láti tún ṣe ní 1956.

Bóyá ìwé náà ì bá ti rọlẹ̀ bí kì í bá ṣe ohun tí General Motors ṣe. Iléeṣẹ́ náà gba àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti máa tọpinpin ìgbésí ayé Nader. Àṣírí tú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1966, James Roche, ààrẹ iléeṣẹ́ tó tóbi jù lọ láyé nígbà náà, dúró níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà, ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Ààrẹ Johnson buwọ́ lu òfin tó fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti sọ bí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe láàbò tó. Bẹ́líìtì ìjókòó di dandan nínú ọkọ̀ tuntun láti 1968.

Òfin yìí kò pa ọkọ̀ eré. Àwọn adójútòfò ló kọ́kọ́ fún un lọ́rùn. Wọ́n ti ka ìjàǹbá tí wọ́n ń sanwó lé lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó ńlá lé ọ̀dọ́kùnrin èyíkéyìí tó bá ra ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Ní ìparí ọdún 1970, Ààrẹ Nixon buwọ́ lu òfin afẹ́fẹ́ mímọ́, èyí tó ní kí èéfín olóró láti ara ọkọ̀ dín kù ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. General Motors ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kù láti ọkọ̀ 1971, kí wọ́n lè lo epo tí òjé rẹ̀ kéré. Láti 1972, wọ́n tún yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn agbára padà, nítorí náà apá kan nínú agbára tó pòórá, orí ìwé nìkan ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà, ìlà gígùn sì bẹ̀rẹ̀ ní ilé epo. GTO ìkẹyìn ti ìgbà náà, ti ọdún 1974, jẹ́ àfikún lórí Ventura, ọkọ̀ tó kéré ju Tempest lọ. Agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 200. Ó lé díẹ̀ ní 7,000 tí wọ́n tà.

Ibi kan wà tí àwọn ọkọ̀ ìdílé 1950 sí 1959 kò ti kúrò lójú pópó. Ní Havana, níbi tí àwọn Lukumí, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, ṣì ń pe òrìṣà lórúkọ, Chevrolet, Oldsmobile àti Plymouth ìgbà náà ṣì ń gbé èrò. Amẹ́ríkà dáwọ́ òwò dúró pẹ̀lú Cuba lẹ́yìn ìjọba Castro, òfin Cuba fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ará ìlú ra ọkọ̀ tó jáde lẹ́yìn 1959 kó sì tà á bó ṣe wù ú, títí di 2011. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tún èyí tó wà ṣe. Ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní almendrón, nítorí pé ara wọn rí rogodo bí èso álímọ́ńdì. Èrò máa ń kún inú wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń ná lójoojúmọ́. Bí èèyàn bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì púpọ̀ nínú wọn, kò ní bá V8 níbẹ̀ mọ́. Ó ń jẹ epo jù. Àwọn mẹkáníìkì Havana ti yọ ọ́ tipẹ́, wọ́n sì ti fi ẹ́ńjìnnì dísù kékeré, tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn, rọ́pò rẹ̀.